Ọ̀rọ̀ Ilé Wa: Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àbújá àti Àpò Ẹgbẹ́ Wa

    

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Àwọn kan láàrin wa dá a lábàá pé kí á pín àpò ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ sí méjì: kí àwọn Mùsùlùmí máa dá owó tiwọn lọ́tọ̀, kí àwọn Onígbàgbọ́ sì máa dá tiwọn. Àwọn Mùsùlùmí ní òkú tiwọn kì í pẹ́ nílẹ̀, aṣọ funfun àti sàárà díẹ̀ ni ìnáwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó àwọn ń lọ sí pósí, sí mọ́ṣúárì, àti sí ọkọ̀ tí ń gbé òkú lọ sílé. Àwọn Onígbàgbọ́ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ọdọọdún ni ẹgbẹ́ ń ra àgbò àti ìrẹsì nígbà Ìléyá, a sì tún ń ra òmíràn nígbà ìtúnu ààwẹ̀, ṣùgbọ́n bí Kérésì bá dé, bisikíìtì àwọn ọmọdé nìkan ni a ń rà. Ohùn ròkè. Alága lu tábìlì títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Níkẹyìn a sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù yìí, níbi tí olúkúlùkù yóò ti nawọ́ sókè fún èyí tí ó bá fẹ́.

A kò fẹ́ tàn yín jẹ. Mùsùlùmí ni àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí, a sì ti pinnu nínú ọkàn wa pé a ó nawọ́ sókè fún ìpínyà. A ti fi pẹ́ńsùlù ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ẹrù níbi iṣẹ́ wa ní rélùwéè, a sì rí i pé owó tí ó ti ọwọ́ Mùsùlùmí wọlé láti ọdún mẹ́ta ju èyí tí ó padà sọ́dọ̀ wọn lọ. Ìṣirò náà pé, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìpàdé tó tún kò, a bá ẹgbẹ́ lọ sí Àbújá fún yìgì ọmọbìnrin akápò wa tí ó ti dolóògbé, a sì rí ohun tí kò sí nínú ìṣirò wa. Òun ni a fẹ́ rò fún yín lóṣù yìí, kí ẹ tó wá síbi ìpàdé.

Àwa mẹ́rìnlá ni ẹgbẹ́ rán. Mẹ́wàá jẹ́ Mùsùlùmí, mẹ́rin jẹ́ Onígbàgbọ́, Bàbá Ìsàlẹ̀ wa àti Ìyálóde wa sì wà nínú àwọn mẹ́rin náà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ wa yóò bi wá pé kí ló dé tí a kò wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà irin tí ó ti Port Harcourt dé Enugu ní ọdún 1916 ni àwọn bàbá wa gbà lọ sí Òkè Ọya, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọ̀nà náà ti bàjẹ́. Láti Port Harcourt dé Aba ni a kọ́kọ́ tún ṣe tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọdún 2024. Nítorí náà bọ́ọ̀sì ni a wọ̀ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. A kọjá Owerri, a gun afárá Odò Ọya ní Onitsha, a gba Auchi àti Okene já sí Lọ́kọ́ja. Ìyálóde wa gbé ẹ̀bùn ìyàwó lé ẹsẹ̀ láti Diobu dé Àbújá, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó ní bí àwo ọmọ òun bá fọ́, kí ó fọ́ sórí ẹsẹ̀ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé Àbújá, ìlú tí a dìídì kọ́ ni. Ní ọdún 1975 ni ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí yóò wá ibi tí olú ìlú yóò kó lọ, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, sì ni alága ìgbìmọ̀ náà. Òfin tí ó dá ìlú náà sílẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba wá kó kúrò ní Èkó pátápátá. A ti rò pé ìlú tí a kọ́ báyìí kò ní lójú, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ wa ti wọ àárín ìlú ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa nàka, gbogbo wa sì dákẹ́. Òrùlé kan ni a rí tí ó roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń dán bíi wúrà nínú oòrùn tí ó fẹ́ wọ̀. Ilé gogoro mẹ́rin yí i ká bí ẹni tí ń ṣọ́ ọba. Bàbá Ìsàlẹ̀ wa ní, "Ṣé ibẹ̀ ni ọmọ wa yóò ti ṣe yìgì?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, "Akápò, o ò bá rí èyí."

Ọdún 1984 ni a kọ́ mọ́ṣáláṣí náà. Òpópónà Independence Avenue ni ó wà. Ibi ìrun nìkan kọ́ ni o. Ilé ìkàwé wà nínú ọgbà rẹ̀, gbọ̀ngán ìpàdé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí Lèmọ́mù àti ládàánì ń gbé. Ìgbìmọ̀ Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí náà kàn jù. Sultan ti Sókótó ni olórí ìgbìmọ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọmọ Yorùbá, sì ti pẹ́ nípò akọ̀wé àgbà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe Jímọ̀, a ṣe àlùwàlá, a múra, a sì dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn èrò ti pọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ọdún ni. Àwọn tí ó wọ agbádá wà níbẹ̀, àwọn tí ó wọ aṣọ ọ́fíìsì wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń ti bárò wà níbẹ̀, ó gbé bárò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì wọlé. Àwọn obìnrin wa gba ọ̀nà tiwọn. Nígbà tí a fẹ́ wọlé ni a rántí pé a kò mọ ẹni tí a ó fi ẹrù wa sílẹ̀ fún, torí pé àpò owó ìyàwó wà lọ́wọ́ wa, èrò sì pọ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀ ti jókòó sábẹ́ igi kan lóde, òun àti Ìyálóde àti àwọn ọmọ wa méjì tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́. Ó ní, "Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá síbí. Ẹ kó bàtà yín náà wá. Ṣùgbọ́n ẹ kà á o, kí ẹ má baà ní mo jí ẹsẹ̀ kan."

A kó o fún un, a sì wọlé. Ẹ̀yin ará wa, ibẹ̀ tóbi. Bí a bá gbójú sókè, òrùlé rìbìtì náà ga débi pé ọrùn ń dun ni. Síbẹ̀ ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn kì í ṣe gíga rẹ̀. A kò rí àyè kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ará Ìlọrin, tàbí fún ará Kánò, tàbí fún àwa tí a ti Diobu wá. Ibi tí ìlà bá kù sí ni olúkúlùkù ń dúró, èjìká kan èjìká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa gbọ́ tí a ń sọ Yorùbá, ó sì bi wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni a ti wá. A ní Port Harcourt, Mile One. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí èdè Igbo, àwa náà sì dá a lóhùn bí agbára wa ti mọ, nítorí kò sí ẹni tí ń ra iṣu ní ọjà Mile One tí kì í gbọ́ díẹ̀. Mùsùlùmí ni, láti ìpínlẹ̀ Enugu. Ó sọ fún wa tayọ̀tayọ̀ pé ní ọdún 2024 ni a fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Iliyasu Usman, ọmọ Igbo láti ìpínlẹ̀ àwọn, kún àwọn Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí náà. Ó ní láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará ilé bá ń bi òun pé ta ló fún òun ní ẹ̀sìn àwọn Hausa, òun ti ní èsì. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni a gbọ́ ìpè ìrun, gbogbo wa sì dìde.

Nígbà tí a jáde, oòrùn ti yí, òjìji igi náà sì ti kúrò lórí Bàbá Ìsàlẹ̀. Oòrùn ń pa á, ṣùgbọ́n kò kúrò nítòsí ẹrù. Ó ti to bàtà wa sí ìlà bíi ti àwọn tí ń kírun. A ní, "Bàbá, ẹ kú ìdúró o." Ó ní, "Ìdúró wo? Ẹ̀yin ni ẹ dúró. Jíjókòó ni èmi jókòó." A rẹ́rìn-ín, a wọ bàtà wa, a kò sì ronú sí i mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni yìgì. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè wọlé wo mọ́ṣáláṣí náà, bí kò bá ti jẹ́ àkókò ìrun àjùmọ̀kí. Nítorí náà gbogbo wa wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ìyálóde fi ìborùn bo orí àti èjìká, ó bọ́ bàtà, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó wọ yàrá ọmọ tuntun. Ó wo òrùlé, ó wo kápẹ́ẹ̀tì tí ó lọ títí tí ojú kò fi tó òpin rẹ̀, ó wá bi ọkùnrin kan tí ń tọ́jú ibẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ní ń gbá ilé yìí?" Ọmọ Òyó ni ọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwa púpọ̀ ni, Mà. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan, kí ó tó dé òpin, ìbẹ̀rẹ̀ yóò ti tún dọ̀tí."

Yìgì kò gba wákàtí kan. Àbúrò bàbá ìyàwó ni ó dúró ní ipò bàbá gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀sìn. A ka owó orí sí etí gbogbo ènìyàn, ọkọ gbà, ìyàwó gbà, àlùfáà ṣàdúrà, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó kí àwọn òbí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì dìde, ó gba àárín èrò kọjá lọ sí ìdí òpó kan níbi tí Bàbá Ìsàlẹ̀ wa fara pamọ́ sí, ó kúnlẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí ó rán an. Àgbà náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àwọn ará ọkọ ń bi ara wọn pé ta ni bàbá yìí. Ìyá ìyàwó ni ó dá wọn lóhùn. Ó ní, "Òun ni ó bá mi sin bàbá rẹ̀."

Ibẹ̀ ni ìṣirò wa ti dàrú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mile One nígbà náà, ẹ rántí. Ìdájí ni akápò kú, òjò ń rọ̀, òpópónà kún fún omi. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, ó yẹ kí á sin ín lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí ti lọ síbi iṣẹ́, kí ìròyìn tó kàn wá ó di agogo mẹ́wàá. Ta ni ó kọ́kọ́ dé? Bàbá Ìsàlẹ̀ ni. Ta ni ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú omi lọ wá àlùfáà? Òun náà ni. Ta ni ó lọ san owó ilẹ̀ ibojì kí a tó dé, tí a kò sì gbọ́ kí ó béèrè rẹ̀ títí di òní? Ìyálóde, ẹni tí kì í pa ọjọ́ Ìsinmi ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ni ó se oúnjẹ àwọn àlejò sàárà ọjọ́ kẹjọ. A ti wo ìwé ìṣirò láti iwájú dé ẹ̀yìn, a kò rí ibi tí a kọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí sí. Owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde nìkan ni ó wà níbẹ̀. Bí a bá pín àpò, àwa Mùsùlùmí yóò gba owó wa tí ó pé. Ṣé a ó pín òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn náà?

Nígbà tí a jáde, Bàbá Ìsàlẹ̀ ní kí a dúró de òun díẹ̀. Ilé ìsìn ńlá ti àwọn Onígbàgbọ́ kò jìnnà síbẹ̀, àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn. Ilé náà kò yá bíi ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 2005, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni a tó ṣí i. Bàbá àti àwọn mẹ́ta yòókù wọlé lọ gbàdúrà fún ọmọ wa. Àwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a di àpò wọn mú. Ọ̀kan nínú wa ní, "Lónìí àwa ni olùṣọ́ ẹrù." Bí a ti dúró, a rí òrùlé wúrà lápá kan, a rí ilé ìsìn àwọn Onígbàgbọ́ lápá kejì, kò sì sí èyí tí ó ń dí èkejì lọ́wọ́ láti rí oòrùn.

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé ìlú ńlá ni Àbújá, ìjọba ni ó ń jẹ́ kí ibẹ̀ gún, kí a má fi í wé Diobu. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á wo Èkó, tí ó jẹ́ olú ìlú kí Àbújá tó dé, tí ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ sì jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta fi owó ara rẹ̀ kọ́ ní Èkó. Gómìnà Carter ni ó ṣe alága, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam sì ti Ìlú Ọba wá ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tí ó fi Shitta joyè Bey. Ẹ sì gbọ́: àwọn Onígbàgbọ́ jànkànjànkàn ní Èkó, irú J. P. L. Davies àti Ọ̀túnba Payne, jókòó níbi ayẹyẹ náà. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Kì í ṣe ohun tuntun ni kí Onígbàgbọ́ bá Mùsùlùmí yọ̀ ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Láti ọdún 1908 ni àwọn Mùsùlùmí Èkó ti ń kọ́ mọ́ṣáláṣí gbogbogbò wọn, ní òpópónà tí a ń pè ní Nnamdi Azikiwe Street lónìí. Ọdún 1913 ni wọ́n ṣí i. Ilé náà tóbi, ó gba gbogbo ìjọ. Kò pẹ́ rárá tí ìjà fi dé. Ìjọba fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, àwọn kan ní kí a san án, ọ̀pọ̀ ní a kò ní san án. Lèmọ́mù bọ́ sí apá kan, ọ̀pọ̀ ìjọ bọ́ sí apá kejì. Wọ́n di ẹgbẹ́ Lèmọ́mù àti ẹgbẹ́ Jámáà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí náà lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì bá ara wọn fa á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n ń ṣe, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn. Owó ni ó kọ́kọ́ là wọ́n láàrin. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn wọ́n wó ilé àtijọ́ náà, a sì kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, tí a ṣí ní ọdún 1988.

Ìdí tí a fi rò èyí fún yín ni pé àwọn kan ń sọ ní ẹ̀yìn ìpàdé pé bí a bá pín sí méjì tán, ìjà tán, nítorí ẹlẹ́sìn kan náà kì í bá ara wọn jà lórí owó. Ìtàn Èkó kò gbè wọ́n. Bí a bá pín Mùsùlùmí kúrò lára Onígbàgbọ́ lóṣù yìí, lọ́dún tí ń bọ̀ ará Ọ̀yọ́ yóò ní ará Ìjẹ̀bú ń jẹ òun ní owó, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan yóò sì ní àwọn kò bá ṣọ́ọ̀ṣì kejì dá. A ó máa pín in títí yóò fi ku olúkúlùkù àti àpò ṣòkòtò rẹ̀. A kì í ṣe ọ̀pọ̀ ní Port Harcourt yìí. Ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí, ẹgbẹ́ ni ẹbí rẹ̀.

Síbẹ̀ a kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀dùn rẹ̀ mì. Ẹ̀dùn méjèèjì ni ó ní ìdí. Ohun tí a fẹ́ dá lábàá nìyí, kí ẹ gbé e yẹ̀ wò kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Èkíní, kí á ní iye kan náà tí ẹgbẹ́ yóò máa fún ẹbí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá kú, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe Onígbàgbọ́. Bí ẹbí bá fẹ́ fi ra pósí, tiwọn ni. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ra aṣọ funfun kí wọ́n sì fi èyí tí ó kù san owó ilé ìwé ọmọ òrukàn, tiwọn náà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òkú tí ó ju ìyẹn lọ, kí ó fi owó ara rẹ̀ kún un.

Èkejì, iye tí a bá ná fún ọdún Ìléyá ni kí á ná fún Kérésì. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, kí á dín méjèèjì kù. Àwa Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, àwa ni a sì kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí akápò máa ka ìwé owó sí etí ìpàdé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibi tí ènìyàn kò bá ti rí owó rẹ̀, ibẹ̀ ni ìfura ti ń hù.

Ní tiwa, a ti pa ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ rẹ́. A kò ní nawọ́ sókè fún ìpínyà. Bí ẹ bá sì ṣe tiyín lọ́nà mìíràn, ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹ, a ó ṣì jọ máa kí ara wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nawọ́, ẹ fi ìbéèrè Ìyálóde bi ara yín. Ta ní ń gbá ilé tiwa? Ẹ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe.

Nísinsìnyí, ìròyìn ilé.

A bá ìyá ìyàwó yọ̀, pẹ̀lú gbogbo ìdílé akápò wa olóògbé. Tọkọtaya náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní Àbújá. Wọ́n ní kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún ẹ̀bùn, àwo kan ṣoṣo kò fọ́.

Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ wa ní Mile Two bí ọmọkùnrin láyọ̀. Bàbá ọmọ ti rán aṣọ ìkómọ kí ọmọ tó dé, ṣùgbọ́n ti obìnrin ni ó rán. A ní kí ó pa á mọ́, Ọlọ́run yóò fún un ní èyí tí yóò wọ̀ ọ́.

Méjì nínú àwọn ọmọ wa yege ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ọ̀kan fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì fẹ́ lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ. Ẹ bá wọn dúpẹ́, kí ẹ sì bá àwọn òbí wọn wá owó.

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò wa ní ọjà Mile One jáde láyé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó dàgbà kí ó tó kú. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ti lọ sílé. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ yóò wọ̀ lọ síbi ìsìnkú yóò gbéra ní ìdájí Ọjọ́rú láti iwájú ilé Alága. Àyè mẹ́ta ṣì kù nínú ọkọ̀. Àwa ti gba ọ̀kan.

Bàbá wa tí ó ṣàìsàn ní oṣù tó kọjá ti padà sílé, ó sì ti ń bínú sí gbogbo ènìyàn bí ìṣe rẹ̀. A dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá.

Ẹni tí ó bá jẹ owó oṣù, kí ó mú un wá sí ìpàdé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni o, kì í ṣe agogo mẹ́rin àwa Yorùbá.

Ó dìgbà o. Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí á rí ara wa láyọ̀.